Nígbà tí Mo Di Imú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀sán Sunday kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nínú fúláàtì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Pendleton, ní Salford lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàtà ń ta mí lẹ́sẹ̀, mo sì ń wá nǹkan tí mo lè jẹ nínú fíríìjì rẹ̀. Òun jókòó sídìí tábìlì, ó ń ṣí ìgò wáìnì kan tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó yí ife náà lọ́wọ́, ó ti imú bọ̀ ọ́. Ó gbé orí sókè. Ó tún ti imú bọ̀ ọ́.

"Ó ti bàjẹ́," ó wí.

Ó dà á sínú síǹkì. Ó lọ mú ìgò mìíràn wá, ó ṣí i, ó ní èyí náà ti bàjẹ́. Nígbà tó ṣí ẹ̀kẹta, ó bu díẹ̀ sínú ife. Ó kàn na ife náà sí mi.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, bá mi gbọ́ òórùn èyí wò."

"Sister mi, ẹ mọ̀ pé èmi kì í mu nǹkan yìí."

"Ta ló ní kí o mu ún? Imú rẹ ni mo fẹ́ yá."

Mo gba ife. Òórùn tó kọlù mí dára gan-an. Ó dà bíi pákó tí òjò pa tó wá ń yá oòrùn, adùn kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti kéèkì tó ṣì wà nínú ààrò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dìde, ó ṣí ike kọfí, ó gbé e sí imú. Ó gbé e sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìgò bleach tó wà lábẹ́ síǹkì, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì fà á símú débi pé mo kígbe. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ó wí. "Òórùn kankan ò wọlé."

Kí ó tó lè yé yín bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó, ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Broughton ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Bàbá wa, tó ti di olóògbé, jẹ́ ẹnjiníà tó dé ìlú yìí láìpẹ́ sí ìgbà òmìnira. Agbẹ̀bí ni màmá wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n rán wa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá màmá wa ní Ìbàdàn, kí a lè gbọ́ èdè kí a sì mọ ilé. Ibẹ̀ la ti kọ́ láti máa jẹ agbálùmọ̀ títí ètè wa yóò fi lẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ la ti ń ṣa ìyeyè lábẹ́ igi. Nígbà tí a padà dé Manchester, ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé dé ojú àmì, ó di apòògùn ní ọsibítù. Èmi di olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ardwick. Inú màmá wa dùn.

Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sinmi ní Sípéènì. Àwọn tó kù mú àwọ̀ oòrùn bọ̀ wálé. Òun mú orúkọ àjàrà kan bọ̀: Tempranillo. Ó ní kùtùkùtù ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn, nítorí pé ó máa ń tètè pọ́n ju àwọn àjàrà tó kù lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó tún lọ, òun nìkan, pẹ̀lú báàgì kan. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí lọ kíláàsì, tó ń ṣe ìdánwò, títí ó fi fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀. Ó di ẹni tó ń bá àwọn ilé oúnjẹ yan wáìnì, tó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìrọ̀lẹ́ nínú yàrá òkè kan ní àárín ìgboro. Imú rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ó lè gbọ́ òórùn wáìnì kan kó sọ apá ibi tí wọ́n ti gbìn ín, kó sọ bó ṣe pẹ́ tó nínú àgbá.

"Mo bí apòògùn, ó di apọntí." Bí màmá wa ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, níwájú èèyàn àti lẹ́yìn èèyàn.

Èmi kò bá màmá sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà, mi ò sì fi ọtí kan ẹnu rí.

GP, dókítà àdúgbò, kọ́kọ́ sọ pé òtútù lásán ni. Ó fún ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn tí wọ́n ń fín sí imú. Lẹ́yìn náà ni imú bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀jẹ̀, orí ń fọ́ ọ, wọ́n sì ní kó lọ ṣe scan. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ gbọ́ èsì. Dókítà àgbà tó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó yí kọ̀ǹpútà sí wa kí a lè rí àwòrán náà. Ó fi bírò tọ́ka sí nǹkan kan tó funfun lókè imú, ní ibi tí òórùn ń gbà wọ inú ọpọlọ. Ó ní kókó ni, jẹjẹrẹ sì ni. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Àwọn máa gé e, àwọn á sì fi iná rẹ́díò, ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ, jó ibẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi máa béèrè bóyá òun máa yè. Ohun tó béèrè ni pé, "Tí ẹ bá ti gé e tán, ṣé imú mi á tún máa gbọ́ òórùn?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Rárá," ó wí. "Iṣan yẹn gan-an ni a máa gé."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Pendleton. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti fèrèsé. A sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ibi ìtajà. Níbẹ̀ ló ti ní, "Mo ní kíláàsì tí mi ò tíì parí. Lórí Tempranillo nìkan. Kó tó di pé wọ́n gé mi, mo fẹ́ parí rẹ̀."

"Sister mi, báwo lẹ ṣe fẹ́ kọ́ wọn?"

"Ìwọ lo máa bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀. Máa sọ ohun tí o bá rí fún mi, mo máa mọ èyí tí mo máa sọ fún wọn."

Mo sọ fún un pé mi ò mọ nǹkan kan nípa wáìnì. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Mo ní akọrin ni mí. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e mì, pé mo lè tu ú sínú kọ́ọ̀pù. Ó wá di ọwọ́ mi mú láàárín ọ̀nà, nínú afẹ́fẹ́ tútù yẹn, kì í sì í ṣe ẹni tó ń di èèyàn lọ́wọ́ mú. Mo gbà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a. Wáìnì Rioja, láti apá àríwá Sípéènì, la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ní orúkọ yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Mo ti imú bọ ife, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ èdè òyìnbó tí mo ti rí lára ìgò.

"Kí lò ń kà sí mi létí?" ó wí. "Èdè tí o fi kọ́ oúnjẹ jíjẹ ni kí o fi sọ ọ́."

Mo tún un gbọ́. "Kànáfùrù," mo wí, ó sì yà mí lẹ́nu. "Kànáfùrù wà níbẹ̀. Àti àgbọn, àgbọn tí wọ́n yan."

"Ehn! Igi àgbá nìyẹn. Igi óòkù láti Amẹ́ríkà ni àwọn ará Rioja fẹ́ràn láti ìgbà pípẹ́. Ó máa ń fún un ní àgbọn àti adùn kéèkì tí o sọ lọ́jọ́ sí. Wọ́n á fi í sínú àgbá, wọ́n á tún fi í sínú ìgò, ọdún á máa lọ. Kí ló kù lábẹ́ igi yẹn?"

"Èso pupa kan. Ó ń kan díẹ̀."

"Òun gan-an nìyẹn. Kì í pariwo. Ibi tí wọ́n bá gbìn ín sí ló máa ń fara mọ́, àgbá tí wọ́n bá fi í sí ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn kan máa ń sọ pé àjàrà tí kò ní ìwà ni." Ó mi orí. "Ẹni tó bá ń gbọ́ràn, ṣé kò ní ìwà ni?"

Òun náà bu tirẹ̀ sẹ́nu, ó fi í sẹ́nu pẹ́. Mo bi í léèrè ohun tó ń rí. Ó ní òun mọ̀ pé ó ń kan, òun mọ̀ pé ó ń fún òun lẹ́nu díẹ̀, òun mọ̀ pé ọtí wà níbẹ̀ torí ó gbóná. Ìyókù ti lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ojú ọjọ́, ó sì tu ú sínú kọ́ọ̀pù.

Wáìnì Ribera del Duero, agbègbè mìíràn ní Sípéènì, tẹ̀ lé e. Ìyẹn dúdú bí èédú, mi ò rí ìka mi láti òdì kejì ife. Nígbà tí mo fi í sẹ́nu, gbogbo ẹnu mi fún pọ̀ bí ẹni tó gé obì tútù jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ojú mi. Ó ṣàlàyé pé àjàrà kan náà ni, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n ń gbìn ín sí níbẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń jó èèyàn lọ́sàn-án tí òtútù sì ń mú un lóru, tí èèpo èso náà fi máa ń le. Tinto Fino ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ní Toro, tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, Tinta de Toro ni. Ní La Mancha, Cencibel. Àwọn ará Catalonia tiẹ̀ ń pè é ní ojú ehoro.

"Bíi tìrẹ náà," ó wí. "Màmá ń pè ọ́ ní nǹkan kan, màmá àgbà ń pè ọ́ ní nǹkan mìíràn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ ń pè ọ́ ní Miss. Ìwọ kan náà ni."

Toro le jù fún mi. Ó gbóná lọ́fun bí ẹni gbé ata wẹ́wẹ́ mì, ó ń rùn bí ìyeyè tó ti pọ́n jù tó já bọ́ sílẹ̀. Ti La Mancha ló rọrùn jù. Kò sí igi nínú rẹ̀, ó sì dà bí àwọn èso dúdú kéékèèké tó máa ń so nínú ẹ̀gún lẹ́bàá odò Irwell lẹ́yìn ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Mo ní ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ṣì kéré nìyẹn.

Ìgò kan wà tí mo ṣí tó ń rùn bíi páálí tó rẹ sínú omi. Mo rò pé apá ibi tó ti wá ló fà á, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ìyókù. Ó na ọwọ́, ó gba ìgò náà, ó sì dà á nù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èyí ló bàjẹ́ ní tòótọ́. Tí ìwọ ò bá sí níbí, ǹ bá gbé e lọ síwájú wọn."

Mo máa ń jókòó sẹ́yìn ní kíláàsì rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pọ̀, òyìnbó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa bọ́ọ̀sì sì máa ń jókòó níwájú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún wọn pé ara òun kò yá. Ó máa gbé ife sókè sí iná, ó máa ti imú bọ̀ ọ́, ó máa di ojú, ó sì máa fa èémí bí ìgbà tí ohun gbogbo wà ní ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ kànáfùrù, obì, ìyeyè fún wọn. Ọkùnrin àgbàlagbà náà béèrè kí ni ìyeyè jẹ́. Ó ṣàlàyé fún wọn pẹ́ títí, ó sọ igi tó wà lẹ́yìnkùlé màmá àgbà, ó sọ bí a ṣe máa ń bá àwọn ewúrẹ́ du èyí tó bá já bọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń wo imú rẹ̀ nínú ife yẹn, mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán ló ń fà.

Màmá wa ní kọ́kọ́rọ́ fúláàtì náà. Sátidé kan, nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti sún mọ́lé, ó ṣílẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Èmi ló bá nídìí tábìlì, ife níwájú mi, ẹnu mi kún.

"Kí ló wà lẹ́nu ìwọ yẹn?"

Mi ò lè gbé e mì, ojú sì ń tì mí láti tu ú. Nígbẹ̀yìn, mo tu ú sínú kọ́ọ̀pù. "Ẹ káàsán, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí. "Ìwọ nìkan ò tó. O tún fa àbúrò rẹ wọ̀ ọ́."

"Màmá, iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe. Kò mu ún."

"Iṣẹ́ wo? Imú tí o fi ń wá ọtí kiri ilẹ̀ onílẹ̀, ṣebí òun náà ni àìsàn lọ bá ọ níbẹ̀? Ọlọ́run ò sùn o."

Láti òkè ibẹ̀, èèyàn lè gbọ́ ariwo ọkọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni pé inú omi ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Màmá, ẹ ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Salford yìí. Ẹ ti rí ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni tó dé pẹ̀lú àìsàn. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá."

"Mo mọ ohun tí mo mọ̀."

"Ó dáa, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lé màmá wa rí. Màmá yíjú, ó jáde. Nígbà tí mo lọ ṣílẹ̀kùn, mo bá kúlà oúnjẹ lórí ilẹ̀ níwájú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè. Ìrẹsì àti ẹran ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Mo gbé e wọlé. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ nínú àwa méjèèjì.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, màmá wá sí ọsibítù. Ó dé fìlà tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú Bíbélì lórí itan, kò sì ṣí i. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a wọlé, orí ẹ̀gbọ́n mi ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi dá a mọ̀. Ojú rẹ̀ ti dí. Màmá lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní àkókò ti tó. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílẹ̀, gbogbo wa kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Iná rẹ́díò tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Ó gbẹ itọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó jó awọ ojú rẹ̀. Ó ní oúnjẹ dà bí owú. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń mu tíì tí mílíìkì inú rẹ̀ ti bàjẹ́, tó ti dì, kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ó gbàgbé ìkòkò sórí iná, èéfín kún gbogbo ilé, ó jókòó sí pálọ̀ láìmọ̀ títí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni màmá ní kó máa bọ̀ nílé òun ní Broughton. Àwọn ilé oúnjẹ kò pè é mọ́ nígbà yẹn. Ẹlòmíràn ti ń bá wọn yan wáìnì wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá ibi tí mo máa kó àwọn páálí ìgò rẹ̀ sí.

"Kó wọn sí gáréèjì," ó wí. "Kí wọ́n má wọnú ilé mi."

Màmá ń se oúnjẹ ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń wá irú tó dára kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù Cheetham Hill, ó máa ń se ẹ̀fọ́ bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń sè é ní Ìbàdàn, gbogbo ilé á máa ta sánsán. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ má ṣe wàhálà lórí irú mọ́. Ata nìkan ni mo ń mọ̀. Ẹ kàn fi ata sí i." Màmá ní kò burú. Ó padà sí kíṣìnì. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó gbé abọ́ irú náà dání, ó ń wò ó bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́, wọ́n ní kókó náà ti padà, ó sì ti ràn dé ibi tí abẹ kò lè dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó máa ń sùn, ó máa ń jí, ó máa ń wo ògiri. Ọ̀sán kan ló ní kí n lọ mú Rioja kan wá láti gáréèjì, èyí tó pẹ́ jù. Mo gbé e wọ yàrá rẹ̀, mo ṣí i. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà.

"Sọ ọ́ fún mi," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé.

Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Kì í ṣe bíi tàwọn ìyókù. Èso ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, nǹkan gbígbẹ kan ló kù, jẹ́jẹ́. "Ó dàbí... mi ò mọ̀, Sister mi. Ó dà bí ilé ẹnì kan. Mi ò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni màmá wọlé. Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ lọ dà á nù. Ó gbé e sí imú, díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ omi ara aláìsàn wò.

"Àpótí tábà bàbá yín ni," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú. "Ẹ tún gbọ́ ọ, mà."

Màmá tún un gbọ́. "Awọ. Bí inú mọ́tò wa àkọ́kọ́ ní ọjọ́ òjò. Àti èèpo ọsàn tó ti gbẹ."

"Ọdún rẹ̀ ti pọ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. "Bó ṣe máa ń rí tó bá ti dàgbà nìyẹn. Màmá, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú imú mi."

Màmá gbé ife náà sórí tábìlì kékeré. Ó jáde, a sì gbọ́ tó ṣí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnì, omi ń dà, ó ń dà, kò sí ìró abọ́ kankan. Kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi náà kò béèrè.

Ó kú kí ọdún tó parí, ní òwúrọ̀, nígbà tí màmá ń fi aṣọ tútù nu ètè rẹ̀. Màmá ló pa ojú rẹ̀ dé. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ọwọ́ agbẹ̀bí ni. Èmi ni mi ò lè ṣe nǹkan kan. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo bàtà ilé rẹ̀.

Ní ìsìn ìsìnkú, pásítọ̀ sọ̀rọ̀ nípa apòògùn, ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rere. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n àfi èmi. Nígbà tí gbogbo èèyàn wọ gbọ̀ngàn lọ jẹun, àwọn kò wọlé. Mo wo ìta láti fèrèsé, mo rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan nínú òjò wẹ́wẹ́. Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ mú ìgò kan lọ́wọ́, àwọn ìyókù mú kọ́ọ̀pù oníbébà.

Mo jáde lọ bá wọn. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣàìsàn nígbà kíláàsì tó kẹ́yìn yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá imú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo ní rárá. Ó wo ilẹ̀. "A ò mọ̀," ó wí. "Kò sí ọ̀kan nínú wa tó mọ̀." Ó bu wáìnì sí kọ́ọ̀pù fún mi. Mo mu ún, mo gbé e mì, gbogbo rẹ̀. Òjò ti wọ inú rẹ̀, òtútù sì ti mú mi ní imú, mi ò lè sọ ibi tó ti wá tàbí ohun tó jọ. Nígbà tí mo yíjú, màmá wà ní fèrèsé gbọ̀ngàn, ó ń wò wá.

Èmi ni mo wa mọ́tò gbé e lọ sílé. Fèrèsé mọ́tò wà ní títì, òjò ń rọ̀, ó sì dájú pé òórùn ọtí wà lẹ́nu mi, nítorí màmá yí ojú sí mi nígbà tí mo mí. Mo ń dúró de ohun tó máa sọ. A kọjá iná ojú pópó kan, a tún kọjá òmíràn.

"Àwọn èèyàn tó wà níta yẹn," ó wí, "ṣé wọ́n jẹun?"

"Rárá, mà. Wọn ò wọlé."

Ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé itan. "Ó yẹ kí o ti bu oúnjẹ jáde fún wọn. Òtútù pọ̀ níta yẹn."

"Mo gbọ́, mà," mo wí.